Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Tó Há: Bó Ṣe Ń Lẹ̀ Mọ́ Páìpù àti Bó Ṣe Ń Jáde

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, máa ń há ní ọ̀nà méjì, méjèèjì sì sábà máa ń pàdé lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó. Ọ̀kan ni pé kí iye tó ń kà dúró sójú kan, kó má gòkè, kó má sọ̀. Èkejì ni pé kí irin rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páìpù èéfín débi pé sípánà á ti jẹ orí rẹ̀ di roboto kó tó mì. Àìsàn àkọ́kọ́ ló ń gbé èèyàn wọ abẹ́ ọkọ̀. Èkejì ló ń dá a dúró síbẹ̀ di alẹ́. Ooru ló wà nídìí èkejì yìí, ooru náà ló sì sábà máa ń tú u.

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ń ṣe kò ṣòroó lóye. Lórí rẹ̀, níbi tó wọ inú páìpù, ohun kan wà bí ìka ọwọ́ ọmọdé tí wọ́n fi sírákóníà ṣe, tí í ṣe ẹ̀yà amọ̀ sísun tó le gan-an. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń kan ara rẹ̀ níta, afẹ́fẹ́ lásán ló sì wà nínú ihò rẹ̀. Bí amọ̀ yìí bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 300°C, ọ́síjìn á máa gba inú rẹ̀ kọjá láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré, ìrìn yẹn ló sì ń bí iná mànàmáná díẹ̀. Bí epo bá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù sínú èéfín kò ní tó nǹkan, iná á sì gòkè sí nǹkan bíi 0.9 fóòtì (volt). Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, á já wálẹ̀ sí 0.1. Àárín méjèèjì, ní nǹkan bíi 0.45, ni ibi tí bíréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń wá: níbẹ̀ ni kílò pẹtiróòlù kan ti ń jó tán pẹ̀lú kílò afẹ́fẹ́ 14.7. Kò lè dúró síbẹ̀ gbọnrangandan, nítorí náà ṣe ló ń bu epo kún un, tó ń bù ú kúrò, léraléra, tí iye sẹ́ńsọ̀ náà sì ń lọ sókè sódò tẹ̀ lé e. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ni èémí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é jáde fún ọkọ̀ ní 1976, Volvo ló sì kọ́kọ́ lò ó. Àwọn ti ìgbà yẹn kò ní ju wáyà kan ṣoṣo lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ló ṣì gbé irú rẹ̀. Níbẹ̀, wáyà kan gbé iye lọ sí bíréènì-bọ́ọ̀sì, irin sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ àti páìpù tó dè mọ́ ló sì dúró gẹ́gẹ́ bí wáyà kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí pé wọ́n fi irin agbóná sínú wọn kí wọ́n má bàa dúró de èéfín kó tó mú wọn gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà, kó kọ́kọ́ dájú pé sẹ́ńsọ̀ ló kú lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó pé ni wọ́n ti yọ dànù torí pé iná tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀, tí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èéfín rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó lè jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù lè gbé P0131 jáde, tó túmọ̀ sí pé iná sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ní apá kìíní kéré jù. Tàbí P0135, tó ń sọ̀rọ̀ irin agbóná inú rẹ̀. Ohun tí kóòdù rí ló ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Bí páìpù èéfín bá lu ṣáájú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, afẹ́fẹ́ ìta á máa wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì máa pariwo pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Òótọ́ ló ń sọ. Páìpù ló ṣẹ̀.

Míítà tí ń wọn iná mànàmáná ló ń parí àríyànjiyàn. Ẹ́ńjìnnì á gbóná dáadáa, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ míítà kan wáyà tó ń gbé iye láti ẹ̀yìn pulọ́ọ̀gì rẹ̀ láì yọ pulọ́ọ̀gì náà. Bí nọ́ńbà bá ń sáré láàárín 0.1 àti 0.9, kí wọ́n fi í sílẹ̀ o. Bó bá jókòó sí 0.2, kí wọ́n fọ́n gáàsì ìdáná díẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́: sẹ́ńsọ̀ tó wà láàyè á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ń wọ́ bí ìgbín, tàbí tí kò mira rárá, ti lọ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ní apá méjì tún ní ìdẹkùn tirẹ̀: apá tí sílíńdà àkọ́kọ́ wà ni wọ́n ń pè ní apá kìíní, kì í ṣe apá tí awakọ̀ jókòó sí.

Nísinsìnyí, kí ló mú un há? Tírẹ́ẹ̀dì sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi oníhọ́rọ́ tí wọ́n ń yí wọlé láti dè é, sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì wọ inú irin roboto kan tí wọ́n jó mọ́ páìpù. Kí a pe irin yẹn ní ọrùn. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá rìn, ọrùn àti sẹ́ńsọ̀ á gbóná gan-an, wọ́n á wú. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á tutù, wọ́n á sún kì, omi ilẹ̀ á sì rí ọ̀nà wọ àárín wọn. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Nítorí náà, ṣe ló ń dí àlàfo tíńtín tó wà láàárín tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì, lọ́dọọdún, títí wọ́n fi di irin kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n bá ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yíyọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Epo atú-irin ni wọ́n máa ń fọ́n sí ìdí rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí páìpù ti tutù, wọ́n á tún fọ́n ọn láàárọ̀. Kó tó kan sípánà, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí páìpù á fi gbóná, wọ́n á sì pa á. Ìwé àtúnṣe General Motors fún àwọn ọkọ̀ wọn àtijọ́ kìlọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná tó 48°C, sẹ́ńsọ̀ lè ṣòro yọ, tírẹ́ẹ̀dì ọrùn sì lè bàjẹ́. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ṣe pàtàkì níbí. Ó tún ṣe pàtàkì kí ọkọ̀ jókòó sórí irin àtìlẹ́yìn. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wáyà lè gba ibẹ̀ jáde ni ọjà ń tà fún iṣẹ́ yìí. Ó dára fún dídè. Fún títú èyí tó há, ẹ̀tàn ni: bí agbára bá ti wọ̀ ọ́, ojú ibi tí wọ́n là á á ṣí, á sì yọ̀ lórí sẹ́ńsọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ tuntun bá ti wà nílẹ̀, tó sì dájú pé òun ni, kí wọ́n gé wáyà ti àtijọ́ kúrò, kí wọ́n gbé sókẹ́ẹ̀tì gígùn olójú mẹ́fà tó dì pa lé e lórí. Mìlímítà 22 ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pá gígùn ló tẹ̀ lé e. Wọn kì í fi ìkánjú fà á lọ́nà títú o. Wọ́n á kọ́kọ́ tì í díẹ̀ sọ́nà dídè. Bí ìpẹtà bá ti fọ́, ó máa ń dún, tí, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá mẹ́rin ìyípo lọ, ìdajì rẹ̀ padà, epo díẹ̀ sí i, kí ìyẹ̀fun pupa tó wà nínú tírẹ́ẹ̀dì lè máa jáde dípò kó kó jọ síwájú. Ẹni tó bá fà á ní àfàyọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń bá tírẹ́ẹ̀dì ọrùn jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Bí kò bá gbọ́ gbogbo ìyẹn, ó kan iná gáàsì. Ọrùn ni iná ń kàn, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ọrùn wú ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bó bá ti pọ́n díẹ̀ yíká, wọ́n á gbé iná kúrò, wọ́n á sì tú u kí ooru tó dé àárín. Àwọn kan máa ń fi àbẹ́là kan ìdí tírẹ́ẹ̀dì nígbà tí irin ṣì gbóná: òróró àbẹ́là á yọ́, irin á sì fà á wọnú bí aṣọ ṣe ń fa omi, ó sì ń gba ibi tí epo kò lè dé. Kí wọ́n tó tan iná, kí wọ́n wo ibi tí páìpù epo àti wáyà gbà, kí wọ́n sì nu epo atú-irin tó ṣẹ́kù kúrò. Oògùn ìfọ bíréèkì tó ní kílórínì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá; bí iná bá kàn án, gáàsì olóró ló ń dà. Kí wọ́n má sì da omi tútù lé irin tó pọ́n, pàápàá bó bá jẹ́ irin dídà bíi ti orí ẹ́ńjìnnì, torí pé ó lè sán.

Bó bá jáde, iṣẹ́ kò tíì parí. Irin tí ń tún tírẹ́ẹ̀dì ṣe ni wọ́n ń fi wọ inú ọrùn láti gbá ìpẹtà kúrò. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ tán, wẹ́dà á gé ọrùn náà, á sì jó òmíràn mọ́ ọn.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Amọ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bá bọ́ lulẹ̀ lè ti là láì hàn síta. Girísì anti-seize, èyí tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra, sábà máa ń wà lára tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí kò bá sí, díẹ̀ ni kí wọ́n fi sí i, kó má kan orí rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ oníwáyà kan ti padà wá: ìdí tírẹ́ẹ̀dì ni iná rẹ̀ ń gbà padà, nítorí náà, téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ń lò kò gbọdọ̀ kàn án. Sílíkónì tí wọ́n fi ń dí ẹ́ńjìnnì lè pa á pẹ̀lú, àfi èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ níbi. Bí wọ́n bá fẹ́ so wáyà pọ̀, kí wọ́n fi irin ìdè tó bá a wá fún un pọ̀, kí wọ́n má ṣe yọ́ òjé sí i, torí pé ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gba àárín okùn wáyà fa afẹ́fẹ́ ìta sínú.

Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ dídè, ó kéré tán ìyípo mẹ́ta, kí sípánà tó kàn án. Nǹkan bíi 40 newton-mítà ló máa ń tó. Wáyà á jìnnà sí páìpù àti sí ọ̀pá tí ń yí táyà. Bí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì, èéfín díẹ̀ á rú láti ìdí ọrùn, tí í ṣe girísì àti epo tó ń jó kúrò. Míítà á dúró sí ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ òfò ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà á mì: 0.2, 0.6, 0.8, 0.3, 0.7.