Ara ti yá, oògùn ò tíì tán: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbọ́ oògùn

Èwo ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbọ́ oògùn?

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni, àmọ́ apá rifampicin àti isoniazid, oògùn méjì tó gbé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ró, ò ká kòkòrò rẹ̀ mọ́. Lílo oògùn ségesège lè fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn lára ẹni tí wọ́n ti kó o, nítorí náà ẹ má tètè dá aláìsàn lẹ́bi.

Ẹ̀mí ẹni ló wà níbẹ̀. Kí ló dé téèyàn á fi pa irú oògùn bẹ́ẹ̀ tì?

Oríkunkun lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, kì í sì í ṣe oríkunkun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibà á lọ, ikọ́ á rọlẹ̀, oúnjẹ á tún máa dùn lẹ́nu. Lójú ẹni tó ni ara, ó ti yá. Kòkòrò tó kù sì rèé nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sùn, oògùn kì í sì í tètè pa èyí tó bá sùn.

Àsìkò yẹn gan-an ni oògùn fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ ni èèyàn lára. Linezolid, ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, lè mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa ta èèyàn bí ẹni tẹ ẹyin iná. Ó lè ṣe ojú níjàǹbá, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára. Ethionamide a máa múni bì. Cycloserine lè da ọkàn rú. Clofazimine a máa mú àwọ̀ ara dúdú sí i, kálukú á sì máa béèrè ohun tó ṣeni. Ẹni tí àìsàn ò ṣe mọ́, tó jẹ́ pé oògùn ló wá ń ṣe é: tó bá jẹ́ èmi ni, ó lè wù mí kí n dáwọ́ dúró.

Ṣé ọdún kan àbọ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò ó?

Ọ̀pọ̀ ò lò ó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, oṣù 18 sí 20 ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó máa ń di ẹlòmíì létí pa. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìtọ́jú oṣù 6 tí kò ní abẹ́rẹ́: bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin, fún ẹni tó ti pé ọdún 14. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bá mu. Wọn kì í fún aboyún.

Téèyàn bá dáwọ́ dúró láàárín ńkọ́?

Bedaquiline kì í tètè jáde lára. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wà nínú ìtọ́jú oṣù 6 yẹn á ti lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, òun nìkan á ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ oṣù, táṣẹ́rẹ́, tí kò tó pa kòkòrò àmọ́ tó tó kọ́ ọ bí yóò ṣe bá oògùn jà. Bí ẹ bá gbàgbé lílò kan, ẹ má fi ìlọ́po méjì dí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ fún olùtọ́jú yín.

Kí ló wá ń dá aláìsàn dúró sídìí ìtọ́jú?

Kì í ṣe ariwo. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè kó tó ka oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́: “Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń rí lẹ́tà kéékèèké kà?” Bí ìdáhùn bá burú, dókítà lè dín linezolid kù tàbí kó dá a dúró ná. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ tòun kì í ju oògùn sí kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó. Ọ̀fẹ́ ni oògùn lọ́pọ̀ ibi, àmọ́ owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, iṣẹ́ tó sì ti bọ́ lọ́wọ́ kì í dúró deni. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé láwọn orílẹ̀-èdè kan fi hàn pé nǹkan bí ìdílé 8 nínú 10 tí àìsàn yìí wọ̀ ló ń ná ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún lé e lórí. Lójú tèmi, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ jẹ́ ara ìtọ́jú bí oògùn ṣe jẹ́.

Kí wọ́n sì jẹ́ kí aláìsàn máa lo oògùn nílé, lójú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tàbí kó fi fídíò orí fóònù hàn, dípò kó máa rìn lọ sílé ìwòsàn lójoojúmọ́.

Ṣé ká ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀?

Rárá o. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń ranni, kì í ṣe ara ife. Ẹ ṣí fèrèsé.

Ẹni tó ti sá lọ, ṣé ó ṣì lè padà?

Ó lè padà. Wọ́n á tún kelebe rẹ̀ yẹ̀ wò láti mọ oògùn tó ṣì lè pa kòkòrò náà. Àmọ́ kí wọ́n tó gba kelebe, ẹnì kan ní láti bi í pé “Kí ló ṣẹlẹ̀?”, kó sì jókòó gbọ́ ọ tán.