Ẹ́ńjìnnì Ńlá Kọ́ Ló Ń Borí Nínú Autocross

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo máa ń gbé ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá mi lọ ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ tó èyí: pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ díje, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, ẹ́ńjìnnì ni kó kọ́kọ́ náwó lé lórí. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè, nítorí pé lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Ajàṣẹ́, níbi tí títì bá ti gùn tí ó sì tọ́, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ni yóò ya èyí tó kù sílẹ̀. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n gbé ìdájọ́ títì gbọọrọ wá sórí pápá autocross, tí kò ní irú títì bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú eré yìí, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é ní ibùdó ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀, kóònù rọ́bà ni wọ́n fi ń la ọ̀nà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sá tirẹ̀, aago ni ó sì ń bá díje. Ìsáré kan kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ, jíà kejì ni awakọ̀ sì máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lábẹ́ òfin SCCA (Sports Car Club of America), ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà níbẹ̀, kóònù kan ṣoṣo tí a bá gbá ṣubú yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò ẹni.

Ẹ jẹ́ kí á ro ráńdábáòtù kékeré kan, tí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà yí i ká fi mítà 15 jìnnà sí àárín rẹ̀. Bí agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú bá tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀, eré tó pọ̀ jù tí a lè bá yí i jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 41 ní wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá, kò ní pé 37 mọ́. Kò síbi tí ẹ́ńjìnnì ti wọ inú ìṣirò yìí. Ọkọ̀ oní-lítà 1.2 àti ti oní-lítà 5 dọ́gba níbẹ̀ bí táyà wọn bá ń di ilẹ̀ mú bákan náà. Táyà yìí nìkan ló sì kan ilẹ̀ lára gbogbo ọkọ̀, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kàn án kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀.

Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí. Mo fi owó tó yẹ kí n fi ra táyà tuntun ra kábúrétọ̀ tuntun fún ẹ́ńjìnnì, mo wá lọ ra táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo to korobá ọ̀dà sórí ilẹ̀ kọnkéré gbalasa kan, tí mo fẹ́ yí èkejì ká, iwájú ọkọ̀ lọ tààrà, bí ẹni pé n kò fọwọ́ kan ìdarí rárá, ó sì gbá korobá náà fò. Fókánáísà ló fi ìka hàn mí lára táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà tí lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 0911, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2011. Ó fi èékánná tẹ rọ́bà náà, kò wọlé. Rọ́bà táyà máa ń gan bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn, ijinlẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì lè sọ fún wa pé ó ti gan.

Abájọ tí Mazda MX-5, tí wọ́n gbé jáde ní 1989 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 péré, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì pé tọ́ọ̀nù kan, fi di ààyò àwọn tí owó wọn kò pọ̀ nínú eré náà. Lẹ́yìn táyà, bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì ló kàn tó yẹ kí á náwó lé.

Mo ta kábúrétọ̀ tuntun náà, mo fi owó rẹ̀ kún owó táyà, mo sì dá ti àtijọ́ padà sára ẹ́ńjìnnì. Korobá kejì tó kọ̀ fún mi lọ́jọ́sí, mo yí i ká láì kàn án.