Yíyọ asẹ́ èéfín lára ọkọ̀ akẹ́rù onídísù lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà

Yíyọ asẹ́ èéfín ni kí ènìyàn tú àwọn ẹ̀rọ tó ń dín èéfín olóró kù kúrò lára ọkọ̀ onídísù, tàbí kí ó tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kọ kí wọ́n má lè ṣiṣẹ́ mọ́. “Delete” ni àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ń pè é. Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ orílẹ̀-èdè náà kà á léèwọ̀, ì báà jẹ́ pé oní-ọkọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú ọgbà ilé rẹ̀.

Láti ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí eruku dúdú tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ akẹ́rù tuntun dín kù gidigidi, wọ́n sì tún ki gáàsì tí wọ́n ń pè ní NOx wọ̀ nígbà tó di 2010. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fi dáhùn ni DPF tó ń sẹ́ eruku náà, EGR tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, àti SCR tó ń fọ́n omi yúríà sí èéfín kí oró NOx lè rọ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń da awakọ̀ láàmú lóòótọ́. DPF máa ń dí bí ọkọ̀ kò bá rìn jìnnà tó láti gbóná, kí ó sì jó ohun tó ti kó jọ dànù. Bí omi yúríà bá tán, tàbí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kọ̀ǹpútà á fa agbára ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn títí ọkọ̀ á fi máa rìn bí ìjàpá. Àtúnṣe wọn kì í ṣe owó kékeré. Ibẹ̀ ni “delete” ti rí ọjà tà, yàtọ̀ sí àwọn tó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ wọn sáré sí i tàbí kó máa tú èéfín dúdú lójú títì.

Abala 203 òfin náà ló mú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà méjì ló sì gbà mú un. Ó de ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tú asẹ́ èéfín tàbí tó sọ ọ́ di aláìwúlò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ó tún de ẹni tó bá ṣe, tó tà, tàbí tó fi ohun èlò tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fọ́jú asẹ́ náà sínú ọkọ̀. Fáìlì tí wọ́n ń kọ sínú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wà lára irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ fáìlì, ẹni tó tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́káníìkì tó fi sí i àti oní-ọkọ̀ tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lè jẹ́jọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àkọlé “fún ìdíje eré ọkọ̀ nìkan” tí àwọn olùtajà máa ń lẹ̀ mọ́ páálí kì í gbà wọ́n sílẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá ń rìn lójú títì. Àmọ́ mẹ́káníìkì lè tú asẹ́ láti tún un ṣe, bí ó bá ti máa dá a padà tàbí tó fi èyí tó ṣiṣẹ́ bákan náà rọ́pò rẹ̀.

Owó ìtanràn tí òfin kọ́kọ́ dá ni 25,000 dọ́là lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí alágbàtà ọkọ̀ tó tú asẹ́, àti 2,500 dọ́là fún àwọn yòókù. 2,500 náà ni lórí ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi kún un bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, ó sì ti ju ìlọ́po méjì lọ báyìí. Kíkà á lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń pa ènìyàn: mẹ́káníìkì tó bá ṣe ogójì ọkọ̀ lè jẹ 100,000 dọ́là ní iye àtijọ́ gan-an.

Ẹ̀wọ̀n gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Gbólóhùn mìíràn nínú òfin náà fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún méjì de ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń tan iná ìkìlọ̀ wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi mú ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì. Ní ìparí ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ Wyoming lọ sẹ́wọ̀n. Ààrẹ Donald Trump dárí jì í ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní oṣù kìíní ọdún 2026, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ kéde pé òun kò ní máa fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ènìyàn mọ́ lórí irú èyí. Òfin fúnra rẹ̀ kò yí padà, owó ìtanràn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìjọba nìkan kọ́ ló lè pe ẹjọ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Utah gbé àwọn gbajúmọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n “Diesel Brothers” lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì bu owó ìtanràn tó lé ní 800,000 dọ́là lé wọn ní 2020. Ní ọdún yẹn náà ni EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, ṣírò pé ó lé ní 550,000 ọkọ̀ pikọ́ọ̀bù onídísù tí wọ́n ti yọ asẹ́ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá kò mórí bọ́: Cummins gbà ní ìparí 2023 láti san 1.675 bílíọ̀nù dọ́là nítorí ohun tó ń fọ́jú asẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó ṣe fún ọkọ̀ Ram, tí kò sì sí owó ìtanràn tó tó o rí lábẹ́ òfin yìí.

Ẹni tó ra àlòkù tí wọ́n ti yọ asẹ́ rẹ̀ kò bọ́ pátápátá. Òfin Utah de níní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti wíwà á, California sì ń yẹ èéfín ọkọ̀ akẹ́rù wò déédéé. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè kọ̀ láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, dídá asẹ́ padà sì lè wọ́n ju owó tí wọ́n fi yọ ọ́ lọ.

Ní Brítéènì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wa lọ́rì, ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ DPF rẹ̀ kì í yege àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT láti oṣù kejì ọdún 2014. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 pọ́n-ùn fún mọ́tò kékeré, 2,500 fún fáànù. Láti 2017, bí àwọn òṣìṣẹ́ DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, bá rí ohun èlò tó ń tan kọ̀ǹpútà lọ́rì jẹ nípa omi yúríà, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń fún awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ láti tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 300 pọ́n-ùn.