G-force: ohun tó pa Gwen Stacy

Lọ́dún 1973, nínú kọ́míìkì Spider-Man, Green Goblin, ọ̀tá Spider-Man, ti Gwen Stacy, ọ̀rẹ́bìnrin Spider-Man, ṣubú látorí afárá kan ní New York. Spider-Man ta okùn aláǹtakùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, okùn náà sì gbá ọmọbìnrin náà lẹ́sẹ̀ mú kó tó dé ojú omi. Ó fà á sókè tìdùnnú-tìdùnnú, àfi bó ṣe rí i pé òkú ló gbé lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn Gwen nínú àwòrán yẹn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan: SNAP, ìyẹn ìró nǹkan tó ṣẹ́. Ó ti lé ní 50 ọdún, àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì ò tíì yé bára wọn jiyàn: ṣé jíjábọ́ ló pa á ni, àbí okùn?

Okùn ni.

Jíjábọ́ nìkan kì í pààyàn. Àwọn tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ látinú ọkọ̀ òfurufú máa ń já bọ́ ní nǹkan bíi 200 kìlómítà ní wákàtí kan kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n á sì délé jẹun alẹ́. Dídúró lójijì ló ń ṣeni léṣe. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ìdúró bẹ́ẹ̀ ṣe le tó lára ni g-force. Bẹ́ ẹ ṣe jókòó yìí, 1 g ló wà lára yín, ìyẹn ìwúwo yín gan-an. Tó bá di 2 g, ara á wúwo ní ìlọ́po 2.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó bá já bọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 á ti wá sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 78, eré rẹ̀ á sì ti tó 140 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí nǹkan bá dá a dúró láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 40 g nìyẹn. Ẹni tó wọn kílò 60 á dà bí ẹni tó wọn kílò 2,400 lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 dá a dúró díẹ̀díẹ̀, kò ní ju 3 g lọ. Ẹni tó bá ti gba ẹyin tí wọ́n jù sí i rí mọ̀ pé ńṣe lèèyàn ń fa ọwọ́ sẹ́yìn tẹ̀ lé ẹyin náà.

Àwọn kan á ní 40 g kò ní kó pani dandan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní December 1954, ní New Mexico, dókítà ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kan, John Stapp, jókòó sórí ọkọ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lójú irin. Eré rẹ̀ ju 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ó sì dúró kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé. Níbi tó le dé, ó kọjá 46 g. Ẹ̀jẹ̀ kún ojú rẹ̀, kò ríran fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú, torí pé bẹ́líìtì ni wọ́n fi dè é mọ́ àga. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gbá Gwen mú ní tiẹ̀: ẹsẹ̀ dúró, orí ṣì ń sáré lọ sísàlẹ̀, ọrùn ló wá jìyà àwọn méjèèjì. Àwọn olóòtú kọ́míìkì náà fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dá àwọn òǹkàwé lóhùn.

Ẹ wá wo fíìmù Superman ti 1978. Lois Lane, akọ̀ròyìn tí Superman fẹ́ràn, ń já bọ́ látòkè ilé gogoro, Superman sì fò lọ sókè pàdé rẹ̀. Pàdé rẹ̀ kẹ̀! Eré tiẹ̀ tún kún eré Lois, apá tí ọta ìbọn kì í ràn ló sì fi gbà á. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní fíìmù lásán ni. Àwa tí fíìmù egbé àti àféèrí ò ṣàjèjì sí, a ò ní torí pé èèyàn ń fò bá ẹnikẹ́ni jà. Agbára Superman ni wọ́n ní ká gbà, mo sì gbà á. Ọrùn Lois ńkọ́? Ọrùn èèyàn lásán ni.

Fíìmù Superman ti 2006 ni wọ́n ti gbìyànjú. Superman gbọ́wọ́ lé imú ọkọ̀ òfurufú tó ń já bọ̀, imú náà sì ń rún wọnú títí ọkọ̀ fi dúró lókè pápá baseball tí èrò kún fọ́fọ́. Rírún yẹn ló jẹ́ kí ìdúró náà pẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe iwájú mọ́tò kó lè rún, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má bàa rún.