Bí Ṣíìpù Tó Ń Pa Ara Dà Ṣe Wọ Inú Fóònù

Ọdún 1960, nígbà tí kò tíì sí Yunifásítì Ifẹ̀, ni Gerald Estrin ti UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé àbá kan kalẹ̀: kí kọ̀ǹpútà ní apá kan tó dúró sójú kan, àti òmíràn tí a lè tún tò bí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá ṣe fẹ́.

Ẹni tó ti wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọnijẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ní 1938 yóò tètè lóye rẹ̀. Ìda ni àwọn oníṣẹ́ fi kọ́kọ́ ya orí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìda, èèyàn lè tún imú tò, kó tún ètè fà. Bí idẹ bá ti gba ipò rẹ̀, ó parí. Idẹ ni ṣíìpù tó wọ́pọ̀, ègé kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Ìda tó lè ṣiṣẹ́ ni Estrin ń wá.

Ilé iṣẹ́ Xilinx, tí Ross Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1984, ló gbé irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ dé ọjà ní 1985. XC2064 lorúkọ rẹ̀, FPGA (ṣíìpù tí a lè tún tò lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ ọ́) oníbúlọ́ọ̀kù 64. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní tábìlì kékeré nínú mẹ́mọ́rì. Ohun tí o kọ síbẹ̀ ló ń pinnu ìdáhùn tí yóò fún àmì tó bá wọlé. Pa á rẹ́, kọ òmíràn, ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn. Freeman gbà pé transístọ̀, suíìṣì kéékèèké inú ṣíìpù, yóò dọ̀pọ̀, kò sì yẹ kéèyàn máa ṣahun rẹ̀. Ó kú ní 1989, kò rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé.

Ní 1997, John Hauser àti John Wawrzynek ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé Garp: prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń pa ara dà, lórí ṣíìpù kan náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀nà fóònù ti là. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, ibi kékeré kan ló ń jẹ àkókò, bí ìṣirò kan náà lórí gbogbo píksẹ́lì, àwọn ẹ̀là kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Prọ́sẹ́sọ̀ á máa ka ìtọ́ni kó tó ṣe é, léraléra. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ á gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ìtọ́ni láti kà. Aago rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí ìṣísẹ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀, lè lọ́ra, síbẹ̀ iṣẹ́ á yá, bátìrì á sì pẹ́. Bátìrì yẹn lọ̀rọ̀ wà, pàápàá fún àwa tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa.

Ó ní ààlà. Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti là á ní 1967: bí ìdajì àkókò ètò bá wà níbi tí o gbé fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí bó ṣe lè yára tó, gbogbo rẹ̀ kò ní kọjá ìlọ́po méjì. Dátà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn náà ń jẹ àkókò.

Xilinx kéde ṣíìpù Zynq ní 2011, prọ́sẹ́sọ̀ ARM (irú tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù) àti FPGA papọ̀. Ní 2016, àwọn tó tú iPhone 7 bá FPGA kékeré ti ilé iṣẹ́ Lattice nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìpù tí kò ṣeé tún tò ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ fídíò inú fóònù, torí pé ó kéré, kì í sì í jẹ iná tó FPGA.

Mo ń tẹnu mọ́ FPGA fún àwọn ọmọ OAU síbẹ̀síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ olówó gọbọi ló ń rọ ṣíìpù. FPGA kò béèrè ju pátákó kan tí ó wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà àti okùn USB lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní Awolowo Hall lè kọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tún àwòrán kámẹ́rà ṣe láàárọ̀, kó pa á rẹ́ lálẹ́, kó kọ èyí tó ń yọ ariwo kúrò nínú ohùn sórí pátákó kan náà.