“Mọ́mì, Ṣé Oòrùn Ti Sún Mọ́ Wa Ni?”: Bí A Ṣe Lè Bá Ọmọdé Sọ̀rọ̀ Ìgbóná Ayé

Ní Kubwa níbí, àwa ìyá mélòó kan máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n lè máa gbọ́ Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ló kún etí wọn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tó bá ti di oṣù kẹta, tí ooru Abuja ń múni bí ẹni wà nínú ààrò, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ọmọ máa ń béèrè. Àwọn òbí á wá kó ìbéèrè náà tì mí lọ́rùn, torí pé sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ni.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọmọ ọdún méje gbọ́ nílé ìwé pé ayé ń gbóná. Ó ní ṣé oòrùn ti sún mọ́ wa ni. Kí ni kí n wí?

Ẹ sọ fún un pé oòrùn wà níbi tó wà. Ohun tí ayé fi bora ló nípọn sí i. Ẹ rán an létí ìgbà tí ẹ lọ kí ẹbí ní Jos nínú ọyẹ́, tí ẹ da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lóru. Ẹ bi í pé, ṣé iná wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ni? Á ní rárá. Ibo wá ni ooru ti wá? Ẹ mú sùúrù kó rò ó. Ara tirẹ̀ ló ń mú ooru jáde, búláńkẹ́ẹ̀tì kàn ń dá a dúró ni. Bẹ́ẹ̀ náà layé ṣe rí. Oòrùn ń ta sílẹ̀, ilẹ̀ gbóná, ó fẹ́ tú ooru náà padà sókè, àmọ́ àwọn afẹ́fẹ́ kan, bíi kábọ́ọ̀nù dayọ́síìdì àti omi tó ti di afẹ́fẹ́, ń dá díẹ̀ dúró nínú rẹ̀.

Kó má rò pé búláńkẹ́ẹ̀tì burú o. Bí kò bá sí i rárá, gbogbo ayé ì bá tutù ju yìnyín lọ, ní bíi 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òun ló jẹ́ kó wà ní bíi 15. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ti ń da òmíràn lé e. Èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀, irú ti Enugu, àti epo rọ̀bì àti gáàsì tí aráyé ti ń sun láti nǹkan bíi 200 ọdún ló fà á. Nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, bíi 280 ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́síìdì tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní 420 báyìí. Ọmọ ọdún méje kò nílò iye yẹn, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ yín láti yàrá kejì.

Àwọn kan máa ń fi mọ́tò tó wà nínú oòrùn ṣàpèjúwe. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì mọ́tò tó ti wà níta látàárọ̀, ariwo tí wọ́n pa mú kí aládùúgbò yọjú. Ó dùn ún ṣe, àmọ́ kò bá a mu tán: gíláàsì tí a ti pa ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde nínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ti fèrèsé mọ́ sánmọ̀. Mo ti padà sí búláńkẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Nínú ọyẹ́, ètè ọmọ mi là. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ayé ò gbóná.

Ọmọ tó ń ronú nìyẹn. Ẹ fi tòmátì dá a lóhùn. Ní oṣù kejì, tí tòmátì Kánò àti Kàdúná bá ya lu ọjà, owó rẹ̀ á wálẹ̀; tójò bá dé, á gbówó lérí. Ṣé torí pé ó wálẹ̀ ní oṣù kejì la ó wá ní tòmátì ò wọ́n? Kó bi màmá àgbà léèló ló ń ra apẹ̀rẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bí yín. Bí oṣù kejì yẹn ni ọyẹ́ ṣe rí, á dé, á sì lọ. Ọdún dé ọdún làwọn onímọ̀ ń wò, káàkiri ayé. Ọdún 2024 gbóná ju gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ó fi bíi 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti àárín 1850 sí 1900 lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ihò ojú sánmọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì ló fà á?

Rárá, ti òsóònù nìyẹn, ìyẹn afẹ́fẹ́ òkè tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu; gáàsì inú fíríìjì àtijọ́ ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní Montreal lọ́dún 1987, ó sì ti ń sàn bọ̀. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ọmọ: àgbà ló bà á jẹ́, àgbà náà ló ń tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń yọ́ lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ó ní àwa là ń ba ayé jẹ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ burú lóòótọ́, ẹ má gbé e sítòsí fèrèsé. Àmọ́ ẹ sọ ẹrù yẹn kúrò lórí ọmọ. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, kábọ́ọ̀nù dayọ́síìdì tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ju bíi 4 nínú 100 èyí tí gbogbo ayé ń tú lọ. Ìyẹn kò ní ká máa fọwọ́ nù o, torí gáàsì tó ń jó lójú ọ̀run ní Niger Delta, tiwa ni. Ìjọba ṣòfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní 2021, iná náà ṣì ń jó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ ló máa pa á.

Ìbéèrè: Wọ́n sọ ní ìjọ wa pé àmì òpin ayé ni.

Mi ò bá pásítọ̀ jà, mi ò sì bá álífà jà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ rí i pé ẹni tó ń wàásù òpin ayé ṣì ń da kọnkéré ilé rẹ̀ ní Lugbe.

Ìbéèrè: Látìgbà tí ọmọ mi ti rí omíyalé Maiduguri lórí tẹlifíṣọ̀n, tójò bá ti ṣú, kì í sùn.

Ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ó ti rí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo ọ̀pọ̀ ilé nílùú náà. Ooru lọ́wọ́ nínú irú òjò bẹ́ẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi bíi 7 nínú 100 pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá wá fẹ́ rọ̀, á dà. Ṣùgbọ́n ìsédò tó ya, èèyàn ló kọ́ ọ, èèyàn ló sì yẹ kó máa tún un ṣe. Tí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ ru ooru, ọmọ á rò pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ẹ mú un rìn lẹ́bàá gọ́tà àdúgbò lójú mọmọ, kó mọ ibi tómi ń gbà. Kẹ́ ẹ sì wá iṣẹ́ fún un. Ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ Sátidé wa tí ẹ̀rù òjò bà gan-an. A ní kó gbé agolo mílíìkì ńlá kan síta, kó máa fi rúlà wọn omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Lálẹ́ tójò kọ́kọ́ rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí bàbá òun tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹjọ́ tó ń rò báyìí ni pé adìẹ aládùúgbò ń mu omi inú agolo kóun tó wọ̀n ọ́n.