Amúlétutù Onísólà Nínú Ilé Onítáyà: Òrùlé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Arábìnrin kan ní Sùúrùlérè, tó ń kun ojú ìyàwó tó sì ń wé gèlè, ló pè mí síṣẹ́. Ó ra ilé onítáyà tòkúnbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò bí wọ́n bá ń lọ gbafẹ́. Ó tú bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ síta, ó gbé dígí ńlá àti àga méjì wọlé, ó wá ń wọ́ ọ lọ sóde ìgbéyàwó ní gbogbo Sátidé kí ìyàwó lè ríbi múra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o," ló wí. "Pọ́dà tí mo lẹ̀ mọ́ ìyàwó lójú láago mẹ́sàn-án, kó tó di mẹ́wàá ó ti ṣàn dé ọrùn. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì jẹ́ ká gbọ́ ohun tí alága ìdúró ń sọ. Amúlétutù onísólà ni mo fẹ́ fi sí i. Panẹ́ẹ̀lì mélòó ni kí n rà?"

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má tíì ra ẹyọ kan." Mo gun àkàbà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé. Aago kan ọ̀sán ni, nínú oṣù Kejì. N ò ka ení, èjì, ẹ̀ta tán tí mo fi já ọwọ́ mi gbà. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ò nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ, omi òjò sì ti jẹ ẹ́ níbì kan. Amúlétutù tí ẹ bá gbé sábẹ́ irú òrùlé yẹn, oòrùn ni yóò máa bá jà láti àárọ̀ dalẹ́, bátìrì yín ni yóò sì máa san gbèsè ìjà náà.

Ẹ dín ooru kù kí ẹ tó ra ohun tí yóò lé e. A tú síílì, a fi fóòmù líle tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i, a kun òrùlé lọ́dà funfun, a sì ta aṣọ tó ń dán bíi fàdákà sí fèrèsé. Ẹ ka àwọn tó máa wọlé mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi 100 wáàtì jáde lára. Ìyàwó, ìyá rẹ̀, ọ̀rẹ́ méjì, àti ẹni tó ń kun ojú: 500 wáàtì ti ń jó nínú yàrá kékeré yẹn nìyẹn, a ò tíì tan gílóòbù kankan.

Bí ilé onítáyà náà bá ti Amẹ́ríkà wá, ó ṣeé ṣe kí amúlétutù ti wà lórí òrùlé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í mọ́ iná wa. Iná ilé wọn jẹ́ 120 fóòtì (volt), tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá tan án, ó jó nìyẹn. Kódà bí ẹ wá tiransifọ́mà fún un, púpọ̀ nínú wọn ń jẹ tó 1,500 wáàtì, ó sì tún jókòó síbi tó yẹ kí panẹ́ẹ̀lì wà. Èmi máa ń yọ ọ́ ni.

Sípílíìtì (amúlétutù alápá méjì) họ́ọ̀sì kan, oní-ínfátà, èyí tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè yára tàbí kó rọra yí, ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Amúlétutù tí kì í ṣe oní-ínfátà, bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ ṣí, ó lè fa iná tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó ń jẹ bó bá ń lọ geere. Ínfátà sólà yín, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, á ké, á sì kú. Oní-ínfátà máa ń rọra gbéra bí ẹni tó ru omi. Bí yàrá bá ti tutù tán, ó lè máa jẹ 300 wáàtì péré. Ẹ fi í sí 24 tàbí 25. Títẹ̀ ẹ́ sí 16 kò ní mú kí yàrá yára tutù, kò kàn ní jẹ́ kó sinmi ni.

Ẹ jẹ́ ká fi yúnìtì ṣírò rẹ̀, yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà ilé: 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Nínú ilé tí a ti dí ooru rẹ̀, 500 wáàtì ni mo fi ń ṣe ìpíndọ́gba. Wákàtí 8 á jẹ́ yúnìtì 4. Òrùlé arábìnrin yìí gùn ní mítà 5.5, ó fẹ̀ ní mítà 2.3. Panẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì gùn ní nǹkan bíi mítà 2.28, ó fẹ̀ ní 1.13. Mẹ́rin péré ló gbà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn: 2,200 wáàtì. Oòrùn Èkó, bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, jẹ́ bíi wákàtí 4 tó mú dáadáa lóòjọ́; bí òjò oṣù Keje bá ń rọ̀, mo máa ń ka 3. Yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún eruku, ooru àti ohun tí wáyà ń jẹ. Yúnìtì 6 àti díẹ̀ ló kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíi 5 nígbà òjò. Ó tó fún amúlétutù àti iná dígí. Kò tó fún dráyà irun o! Ọ̀pọ̀ dráyà ọwọ́ ń jẹ tó 1,800 wáàtì. Mo ní kí wọ́n máa gbẹ irun láti ilé. Arábìnrin náà lọ́ra díẹ̀, ó sì gbà.

Panẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn oòrùn, kò fẹ́ràn ooru. Dígírì 25 ni wọ́n fi wọn agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo dígírì kan ń gbé bíi ìdá 0.35 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, ó lè gbóná dé 65, ìdá 14 nínú 100 ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ gbé e sókè ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀. Òrùlé náà á sì tún rí ibòji. Egungun irin inú òrùlé ni kí bóòtù rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti wọ́ irú ẹrù yìí gba orí Third Mainland Bridge mọ bí atẹ́gùn ọ̀sà ṣe ń tì í.

Ní ti bátìrì, ẹ fojú wo ìwúwo. Bátìrì olómi 12 fóòtì, 200 áńpù-wákàtí, lè wúwo tó kílò 60, yúnìtì 2.4 ló wà nínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì dára kí ẹ lò. Lítíọ́mù 51.2 fóòtì, 100 áńpù-wákàtí, kó yúnìtì 5 sínú, kò sì ju bíi kílò 50 lọ. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, sórí ibi tí àwọn táyà wà gan-an. Bó bá wà lẹ́yìn pátápátá, ilé náà á máa ju ìdí lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn irú 51.2 yìí, tí a máa ń pè ní 48 fóòtì, nítorí wáyà: 1,000 wáàtì ń fa áńpù 83 lórí 12 fóòtì, lórí 48 kò ju bíi 21 lọ. Áńpù tó pọ̀ ló ń mú wáyà gbóná.

Níbí, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní Bàrígà, mo fi bíréékà ilé lásán sójú wáyà panẹ́ẹ̀lì. Mo pa á, iná ò já. Ó ń jó búlúù nínú bí iná wẹ́dà, rọ́bà bíréékà sì ń yọ́ lójú mi. Iná ilé máa ń dé òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni bíréékà rẹ̀ ti ń rí i pa. Iná panẹ́ẹ̀lì kì í dúró mí. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ DC, ìyẹn irú iná tí panẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ń gbé jáde, sára bíréékà, kí fóòtì rẹ̀ sì ju ti panẹ́ẹ̀lì lọ. Fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí bátìrì gan-an.

Sípílíìtì ara ògiri kì í rìnrìn àjò, tiyín á máa fò lórí kòtò Èkó. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí ẹ ká páìpù kọ́pà ní òrùka kan kó tó dé ibi nọ́ọ̀tì, kó lè máa mì láìsán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ho ọṣẹ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sórí nọ́ọ̀tì yẹn. Bí fóòmù bá ń yọ bọ́lọ́bọ́lọ́ níbẹ̀, gáàsì ti ń jáde.

Abẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ páàkì sí. Yàrá á tutù níbẹ̀ lóòótọ́, panẹ́ẹ̀lì á sì sùn. Òjìji ẹ̀ka kan lórí ẹyọ kan lè fa èyí tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí bátìrì fi gbọ́dọ̀ kún láti ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá sì fi jẹnẹrétọ̀ ṣe àpamọ́, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó bá yín ṣe é, ẹ ní kó tan án lọ́sàn-án gangan, kó ti ilẹ̀kùn, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lójú yín, kó máa fi mítà ka wáàtì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní Sùúrùlérè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 820 wáàtì, kó tó pé wákàtí kan ó ti wálẹ̀ sí 340. Arábìnrin náà fa ìkunètè pupa kan yọ láti inú báàgì, ó gbé e dúró lórí tábìlì láìdérí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, a ṣílẹ̀kùn. Ó ṣì dúró ṣánṣán.